Ẹ bá mi dá sí i: kí ni Red Bull ṣe tó fi tà tó báyìí, tí zobo tèmi ò tà?

ÌyáTóbi_Bódìjà

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Mo máa ń se zobo tí mo ń fi ata ilẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti kànáfùrù sí, ó ti tó ọdún mẹ́ta, àwọn tó ń rà á ní àdúgbò mọ̀ pé ó dáa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ nípa ìṣòwò ní pólì ló wá sọ fún mi pé màámi, ẹ wo Red Bull, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín fún àwọn ọmọ yunifásítì tó fi di nǹkan ńlá káàkiri ayé, ẹ̀yin náà ẹ pín in. Mo bá kó owó àjọ, mo se ike 300, mo lẹ pépà sí i lára, mo kọ ENERGY ZOBO, Ó Ń FÚNNI LÁGBÁRA sí i gàdàgbà, a gbé e lọ sẹ́nu géètì ilé ìwé kan lọ́jọ́ Sátidé, wákàtí méjì ó ti tán. Wọ́n mu ún, wọ́n yìn ín, wọ́n ní kí Ọlọ́run bù sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ènìyàn 11 péré ló padà wá rà, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń tà á lówó tó kéré jù ní gbogbo àyíká wa. Owó àjọ ti wà lọ́rùn mi báyìí.

Ẹnì kan tún sọ fún mi lọ́jà pé ohun tó kù ni kí n ra kaféènì oníyẹ̀fun kí n máa bù ú sí i, pé òun ló ń jẹ́ kí énájì dírínkì máa wu èèyàn mu. Ìbéèrè mi méjì ni. Kí ni àwọn Red Bull yìí ṣe gan-an? Ṣé kí n fi kaféènì yẹn sí i?

Káyọ̀dé_Mákẹ́tà

Ẹ kú ìnáwó màámi. Òótọ́ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín sọ, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Òyìnbó Ọ́stríà kan, Dietrich Mateschitz, ló pilẹ̀ Red Bull ní 1987, òun ló po ó, òun ló polówó rẹ̀, ó ra ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ó ra mọ́tò eré sísá. Owó ló fi ṣe é. Ẹni tí ò bá ní irú owó yẹn kó má wulẹ̀ fara wé wọn, tòótọ́ ni mò ń sọ fún yín.

Bàbá_Ìwé

Káyọ̀dé ọmọ mi, má bínú o, ibẹ̀ kọ́ ni ìtàn yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Kí òyìnbó yẹn tó mọ̀ pé irú ẹ̀ wà láyé, ọkùnrin kan wà ní Táílàǹdì, Chaleo Yoovidhya, ọmọ àwọn Ṣáínà tó ṣí wá síbẹ̀, òtòṣì gidi ni wọ́n, pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń sìn nílé. Ó ta èso, ó ta oògùn, nígbà tó yá ó dá ilé iṣẹ́ apoògùn tirẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti po ohun mímu kan láàárín àwọn ọdún 1970 tó pè ní Krating Daeng. Krating ni màlúù igbó kan tó ṣígbọnlẹ̀ bí ẹfọ̀n tiwa, daeng ni pupa. Ẹ ti rí ibi tí orúkọ ti wá báyìí. Inú ìgò kékeré ló wà, kò ní gáàsì, ó dùn bí omi ṣúgà. Àwọn tó ń tà á fún ni dẹ̀rẹ́bà tírélà, alágbàṣe, àgbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru. Kò bá olówó wí rárá, ibi tí wọ́n ti ń ja ẹ̀ṣẹ́ ìbílẹ̀ wọn ló ti ń polówó rẹ̀.

Mateschitz ní tirẹ̀, ọṣẹ ìfọyín ló ń bá ilé iṣẹ́ kan tà kiri ayé, Blendax ti Jámánì. Ní 1982 ó balẹ̀ sí Táílàǹdì, wàhálà ọkọ̀ òfuurufú ti wó o lára, ó mu nǹkan yìí, ara rẹ̀ yá gágá. Ó wá Chaleo kàn. Ní 1984 àwọn méjèèjì dáwó pọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan mú $500,000 wá. Nínú ìpín ọgọ́rùn-ún, Mateschitz mú 49, Chaleo mú 49, ọmọ Chaleo ọkùnrin mú 2 tó kù, ìyẹn ni pé ọwọ́ àwọn ará Táílàǹdì ni èyí tó pọ̀ jù wà.

Ibi tí mo fẹ́ kí màámi fọkàn sí nìyí o. Láti 1984 yẹn, ọdún mẹ́ta gbáko ni wọn ò ta agolo kan. 1 April 1987 ló tó jáde ní Ọ́stríà. Kí ni Mateschitz ń ṣe nínú ọdún mẹ́ta náà? Ó fi gáàsì sí i, kò jẹ́ kó dùn tó ti Táílàǹdì mọ́, ó kó o kúrò nínú ìgò sínú agolo tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ìpolówó, Johannes Kastner, pé kó bá òun wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n á máa fi kéde rẹ̀, ọ̀rẹ́ yìí mú ọ̀rọ̀ wá ó kọ̀ ọ́, ó tún mú òmíràn wá ó tún kọ̀ ọ́, kí wọ́n tó débi èyí tí gbogbo ayé mọ̀ yìí, pé Red Bull ń fúnni ní ìyẹ́. Wọ́n tún gbé e fún àwọn èèyàn tọ́ wò, àwọn yẹn ní kò dùn, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ràn orúkọ rẹ̀. Ó ṣáà tà á.

Adéọlá_Ṣáàgámù

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti Bàbá. Àwọn Japan ti ń mu irú ẹ̀ ṣáájú Táílàǹdì. Lipovitan D ti ilé iṣẹ́ Taisho, 1962 ló jáde, táúrìn, èròjà kan tó máa ń wà nínú énájì dírínkì, wà nínú rẹ̀, ìgò rẹ̀ kékeré bíi ti oògùn ikọ́. Mateschitz fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀ pé inú ìwé ìròyìn kan lòun ti kà á pé ẹni tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó ń san owó orí jù ní Japan, ìyẹn ló là á lójú. Kò dá nǹkan tuntun sáyé. Ó rí ohun tó ń tà níbì kan, ó gbé e lọ síbi tí wọn ò tíì mọ̀ ọ́n.

Fámásì_Lẹ́kìí

Ẹ jẹ́ kí n tètè dá sí èyí kó tó di pé màámi lọ ra nǹkan kan. Ẹ MÁ FI KAFÉÈNÌ ONÍYẸ̀FUN SÍ ZOBO YÍN. Ẹ jọ̀ọ́.

Agolo Red Bull kékeré, ti 250ml, 80mg kaféènì ló wà nínú rẹ̀, bí i ti ife kọfí kan. 80mg yẹn kò kún orí èékánná ìka yín. Àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé ṣíbí ìpotíì kan kaféènì ojúlówó tó jẹ́ ìyẹ̀fun lè tó ife kọfí 28, ó sì ti pa èèyàn lọ́hùn-ún. Iye tí àgbàlagbà tára rẹ̀ le lè mu lójúmọ́ ni 400mg, aboyún kó má ju 200mg lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń se nǹkan ní kíṣìnì, kí lẹ fẹ́ fi wọn 80mg? Bí ẹ bá rò ó tí kò pò dáadáa, ike kan ò ní ní nǹkan kan, òmíràn á gba ti ogún ike sára, ọmọ ọlọ́mọ ló máa dáwọ́ lé àyà.

Kì í ṣe pé kaféènì jẹ́ májèlé o. Ó wà nínú obì àti gooro táwọn bàbá wa ń jẹ kí oorun má baà kùn wọ́n. Wíwọ̀n rẹ̀ ni ìṣòro. Ṣúgà náà wà níbẹ̀, agolo kékeré yẹn ní 27g, ó ń lọ sí ṣíbí ìpotíì méje.

Awakọ̀_Ọ̀nàÒkè

Ọ̀rọ̀ àǹtí fámásì yìí wọ̀ mí lára. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mò ń wa tírélà láti Ìbàdàn lọ Kano. Ọjọ́ kan wà tí mo mu agolo mẹ́rin láàárín Ìlọrin sí Mókwá, n ò ní dárúkọ èyí tí mo mu, ojú mi là kedere àmọ́ àyà mi ń lù kìkìkì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí sítíárì, nígbà tó wá ṣíwọ́ lára mi, oorun tó gbé mi lọ kọjá sísọ, ìgbà tí táyà wọ koríko ni mo tó jí, Ọlọ́run ló yọ èmi àti mọ́tòbọ́ọ̀yì mi. Láti ọjọ́ yẹn, tí oorun bá ti ń kùn mí, mo máa páàkì, mo máa sùn. Kò sí ohun tó wà nínú agolo tó lè bá èèyàn sùn.

Màámi, àwa dẹ̀rẹ́bà máa ra zobo yín, a fẹ́ nǹkan tútù lọ́sàn-án. Ẹ má fi ìyẹn sí i.

Àbúrò_Leeds

Ẹ ǹlẹ́ màámi, ẹ kú àmójúkúrò. Èmi rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yìí ti wọ́ ni mo rí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì níbí, ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé wà lára àwọn tí Red Bull gbà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n máa bá wọn gbé ọjà náà kiri, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé. Kì í dúró sẹ́nu géètì. Àsìkò ìdánwò, aago mọ́kànlá alẹ́, láíbìrì, níbi tí orí gbogbo èèyàn ti ń já lulẹ̀ lórí tábìlì, ibẹ̀ ló ń gbé e lọ, tútù nini. Àbí ẹ̀gbẹ́ pápá nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán. Àwọn mìíràn ń wa mọ́tò Mini tí wọ́n gbé agolo ràgàjì kan lé lẹ́yìn, ibi tí iṣẹ́ ti ń sú èèyàn ni wọ́n ń yà sí. Ẹni tó gba agolo kan ní aago mọ́kànlá alẹ́ yẹn kò ní gbàgbé bó ṣe ṣe é lára.

Ẹ̀yin gbé tiyín lọ lọ́jọ́ Sátidé, ara wọn le, òùngbẹ lásán ló ń gbẹ wọ́n, wọ́n mu ún bí ẹni mu omi níbi ìnáwó. Nílé wa, èènì là ń fún ẹni tó ti rà, a kì í fi èènì ṣí ọjà.

Ìkejì, ẹ gbé owó rẹ̀ sókè. Red Bull kéré sí agolo kóòkì, ó sì wọ́n jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe wọ́n yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí èèyàn gbà pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀.

Alájàpá_Agége

Leeds, ti èènì yẹn yé mi, àmọ́ n ò bá ẹ lọ lórí owó. Ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń ta mímu rèé. Nígbà tó jẹ́ Red Bull nìkan ló wà ní fíríìjì mi, àwọn ọmọ tó ń lọ páátì ló ń rà á, ẹyọ ẹyọ báyìí. Àwọn tó wá jẹ́ kí énájì dírínkì di ohun tí ọlọ́kadà àti kọ́ńdọ́ ń mu, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Fearless tí Rite Foods ń ṣe ní Ọ̀sọ̀sà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú Òde, 2017 ló jáde, inú ike 50cl ni wọ́n rọ ọ́ sí, ìlọ́po méjì agolo Red Bull, owó rẹ̀ sì kéré sí i. Lẹ́yìn ìyẹn Predator dé nínú ike, Supa Komando dé nínú ike. Páálí ni mò ń tà nísinsìnyí. Ẹ má sọ fún obìnrin yìí pé kó gbé owó sókè ní ìlú tí gààrí wọ́n báyìí.

Bàbá_Ìwé

Alájàpá, o jàre lórí Fearless. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ló lè rọ púpọ̀ kó sì tà á lówó pọ́ọ́kú. Ìkòkò ni màámi ní. Bó bá bá ẹlẹ́rọ du owó kékeré, gáàsì ìdáná àti ṣúgà ló máa jẹ èrè rẹ̀ tán. Èmi ò ní kó gbé e sókè débi tí ẹnikẹ́ni ò ní lè rà á, kó ṣáà má jẹ́ òun ló kéré jù, torí ẹni tó rí i pé òun ló kéré jù á rò pé omi ló pọ̀ níbẹ̀.

Kó sì mú ibì kan ṣoṣo. Mateschitz gan-an, nílẹ̀ Yúróòpù, ó di 1992 kí ó tó gbé e kúrò ní Ọ́stríà lọ Họ́ńgárì tó múlé gbè é. Jámánì di 1994. Amẹ́ríkà di 1997, Kalifóníà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Faransé ò gbà á wọlé bó ṣe wà títí di 2008 nítorí táúrìn. Ní 2024 agolo tí wọ́n tà lé ní bílíọ̀nù 12. Ìrìn yẹn ò yá níbẹ̀rẹ̀ rárá.

Tóyìn_Ìkìrun

Ẹ jọ̀ọ́ ṣé òótọ́ ni pé ara akọ màlúù ni wọ́n ti ń fa táúrìn yẹn? Láti ilé ìwé girama ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún wa, n ò sì mu ún rí nítorí ẹ̀.

Fámásì_Lẹ́kìí

Rárá àbúrò mi. Ní 1827 àwọn ọ̀mọ̀wé Jámánì méjì, Tiedemann àti Gmelin, rí i nínú òróòro màlúù, ìyẹn ni orúkọ màlúù lédè Látìn ṣe lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó wà nínú agolo, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń pò ó, kò ti ara ẹran wá. Ara èmi àti ìwọ náà ń ṣe táúrìn.

Ọmọ_Bọ́ọ̀lù

Gbogbo yín ti fo ibi tó ṣe pàtàkì jù. BỌ́Ọ̀LÙ. 2005 ni wọ́n ra Austria Salzburg, aṣọ elése àlùkò ni ẹgbẹ́ yẹn ń wọ̀ látayébáyé, wọ́n sọ ọ́ di funfun àti pupa, wọ́n yí orúkọ rẹ̀, inú bí àwọn alátìlẹyìn débi pé wọ́n lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ àtijọ́ sọ. 2009 wọ́n gba ipò ẹgbẹ́ kékeré kan ní Markranstädt, ìpele karùn-ún, wọ́n gbé e wá sí Leipzig. Òfin Jámánì ò gbà kí wọ́n fi orúkọ ọjà sọ ẹgbẹ́, wọ́n wá pè é ní RasenBallsport, ìyẹn eré bọ́ọ̀lù orí koríko, kí lẹ́tà rẹ̀ ṣáà lè jẹ́ RB. 2016 wọ́n ti dé Bundesliga, ìpele tó ga jù ní Jámánì. Ọdún yẹn náà làwọn alátìlẹyìn Dynamo Dresden ju orí màlúù tí wọ́n gé sí ẹ̀gbẹ́ pápá láti fi ìbínú wọn hàn.

Ọmọ tiwa náà wà níbẹ̀. Karim Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Salzburg ló wà láti 2018 di 2022 kó tó lọ Dortmund. Ademola Lookman gbá fún Leipzig. Gbogbo ìgbà tí Adeyemi bá jẹ góòlù fún Salzburg nígbà yẹn, màlúù méjì tó ń kan ara wọn ló wà láyà rẹ̀, gbogbo wa ń pariwo. Mọ́tò eré sísá ńkọ́, wọ́n gba ẹgbẹ́ Jaguar lọ́wọ́ Ford ní ìparí 2004, awakọ̀ wọn Vettel gba ife mẹ́rin fún wọn láti 2010 sí 2013, Verstappen tún gba mẹ́rin láti 2021 sí 2024.

Káyọ̀dé_Mákẹ́tà

Bàbá, ẹ ṣeun, mo gba àtúnṣe yẹn, n ò mọ̀ nípa Chaleo. Àmọ́ ẹ wo ohun tí Ọmọ_Bọ́ọ̀lù kọ yìí, ohun tí mo sọ lákọ̀ọ́kọ́ náà nìyẹn, owó ni. Kí ni obìnrin oníkòkò kan fẹ́ fi Formula 1 ṣe?

Adéọlá_Ṣáàgámù

Káyọ̀dé, owó wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n wo èyí tí kò gba owó púpọ̀. 1992 ní Vienna wọ́n bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí wọ́n ń pè ní Flugtag, àwọn èèyàn fúnra wọn á fi pákó àti aṣọ ṣe nǹkan tó ní ìyẹ́, wọ́n á fi bẹ́ láti orí pèpéle, wọ́n á jábọ́ sínú omi, ìlú á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn òǹwòran ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìyẹ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ìpolówó yẹn náà ni wọ́n gbé jáde kí èèyàn fojú rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 14 October 2012 tí Felix Baumgartner fò sílẹ̀ láti òkè tó jìn tó kìlómítà 39, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ń wò ó lẹ́ẹ̀kan náà lórí YouTube. Kò sẹ́ni tó sọ níbẹ̀ pé ẹ wá ra agolo. Èmi náà jí wò ó, ọwọ́ mi wà láyà títí ó fi balẹ̀.

Màámi, àwọn mẹkáníìkì àdúgbò yín kì í ta ayò lábẹ́ igi lọ́jọ́ Àìkú ni? Ẹ sọ pé ẹni tó bá borí, kúlà zobo kan ni tirẹ̀. Ẹ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kúlà kejì, ẹ máa tà.

Fámásì_Lẹ́kìí

Èyí dára gan-an. Ọ̀rọ̀ kan ló kù, pépà tí ẹ lẹ̀ sára ike. Ẹ yọ ENERGY kúrò, ẹ yọ ó ń fúnni lágbára kúrò. Ní 2014 Red Bull gbà láti san $13 mílíọ̀nù láti parí ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà, àwọn oníbàárà ló pè é, wọ́n ní ìwúrí tí wọ́n ń polówó yẹn kò ju ti ife kọfí lásán lọ. Ilé iṣẹ́ náà ò gbà pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n ṣáà sanwó. Ilé iṣẹ́ ńlá ló rí $13 mílíọ̀nù san o. Bí ẹ bá sì fẹ́ máa gbé e kiri nínú ike tó ní orúkọ lára, ẹ lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC kí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń forúkọ ọjà sílẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá wá bá yín.

ÌyáTóbi_Bódìjà

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á ṣe tiyín náà. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Tóbi ló kà á fún mi lẹ́ẹ̀kejì. N ò ní ra ìyẹ̀fun yẹn, mo ti sọ fún ẹni tó wá bá mi lọ́jà pé kó má mú un wá. Mo ti ń ṣí pépà kúrò lára àwọn ike tó kù, ZOBO ÌYÁ TÓBI nìkan ni màá kọ sí i.

Ohun tí mo rò ni pé wọ́n ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta lẹ́yìn ilé wa, bíríkìlà àti lébírà wọn á tó ogún, aago méjì ọ̀sán ni oòrùn máa ń le jù lórí wọn, wọ́n máa ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n á máa wo ojú ọ̀nà. Aago méjì yẹn ni màá máa débẹ̀ pẹ̀lú yìnyín. Kọ́ọ̀bù kékeré kan ni màá fi tọ́ ọ wò fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó bá fẹ́ ike á sanwó. Owó rẹ̀ máa jẹ́ bákan náà pẹ̀lú ti ẹlẹ́gbẹ́ mi, màá yọ ṣúgà díẹ̀ kúrò, màá fi ata ilẹ̀ kún un. Ti ayò yẹn, ó di oṣù tó ń bọ̀, tí mo bá ti san díẹ̀ nínú owó àjọ.

Ìbéèrè kan ló kù fún ẹ̀gbọ́n dẹ̀rẹ́bà: aago mélòó ni tírélà máa ń tò ní Òjóò kí ẹ tó gbéra?

Awakọ̀_Ọ̀nàÒkè

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la ti máa ń wà níbẹ̀, a máa ń jẹun kí a tó gbéra, àwọn tó ń ta omi tútù ò sì pọ̀ ní apá ibi tí a ń gúnlẹ̀ sí. Ọjọ́ Túsídeè ni mo ń lọ. Ẹ gbé ogún ike wá, ẹ béèrè àwọn tírélà tó ń lọ Kano, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ni màá kọ́kọ́ rà.